Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù Tí Ń Rọra Rìn: Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Bí Ó Bá Pàdé Átọ̀mù àti Mólékù

Oníṣẹ́ iná kan wà ní àdúgbò wa ní Kubwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná dé ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí ó ní ó ti wà lọ́kàn òun láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀ báyìí, gílóòbù oníwáyà á ṣì máa pọ́n bí ẹ̀yinná tí ó fẹ́ kú, ṣùgbọ́n fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kàn máa ṣẹ́jú lẹ́nu méjèèjì, kò ní tàn. Ṣebí iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ?"

Ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé ó ti kan ilẹ̀kùn ẹ̀ka ìmọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí agbára rẹ̀ kéré ṣe ń kọlu átọ̀mù àti mólékù (àwọn átọ̀mù tí wọ́n so mọ́ra), tí ó sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí rú ènìyàn lójú ni pé a ti gbà lọ́kàn wa pé ohun tí ó bá lágbára jù ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Láàrin ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àti átọ̀mù, bí agbára bá ṣe wọ̀ sí ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Agbára kékeré tí ó bá ìwọ̀n mu lè já mólékù sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó fi díẹ̀ jù ú lọ lè kọjá láìṣe ohunkóhun. Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, mo sì rò pé kò sí ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ibí yìí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní rírọra rìn, kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, tí J. J. Thomson ṣàwárí rẹ̀ ní Cambridge ní ọdún 1897, ni ẹ̀yà átọ̀mù tí ó fúyẹ́ jù lọ. Iná nẹ́gétíìfù ni ó gbé rù, ó sì ń gbé ní àyíká kóró àárín átọ̀mù, èyí tí iná tirẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan bá gbéra láti ìdúró, tí bátìrì fóòtì 1 sì tì í síwájú, agbára tí yóò ní nígbà tí ó bá dé òdì kejì ni à ń pè ní 1 eV, ìyẹn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù-fóòtì kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ fóòtì 1.5, tó láti fún un ní 1.5 eV. Ẹ fi èyí wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú rẹ̀ ń sáré pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá eV. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín kì í sábà kọjá 20 tàbí 30 eV, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tó 10.

Síbẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ó ní 1 eV péré ń rin nǹkan bí 593 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́nà, yóò ti Abuja dé Èkó kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Kí ló wá dé tí a fi ń sọ pé ó ń rọra rìn? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí wọ́n jẹ́ onílé nínú átọ̀mù ń yára jù ú lọ. Nínú átọ̀mù háídírójìn, tí ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo átọ̀mù, ìwọ̀n eré onílé náà jẹ́ nǹkan bí 2,200 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyàtọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó kù. Àlejò tí ó bá sáré gba iwájú ilé kọjá, kí onílé tó gbórí sókè, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ń rọra bọ̀, onílé yóò rí i láti òkèèrè, yóò dìde, yóò sì tún ìjókòó tò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú átọ̀mù: iná nẹ́gétíìfù ti àlejò ń ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù onílé sẹ́yìn díẹ̀, kóró tí ó jẹ́ pọ́sítíìfù yóò wá súnmọ́ iwájú jù wọ́n lọ, átọ̀mù tí kò ní iná kankan lára tẹ́lẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àlejò mọ́ra. Ẹni tí ó bá ń ro átọ̀mù bí òkúta tí ó jókòó sójú kan kò lè lóye ẹ̀kọ́ yìí láéláé. Átọ̀mù ń dáhùn sí ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá bá a.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rí ìkọlù wọ̀nyí, nítorí náà kíkà ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ fojú inú wo igi máńgòrò kan ní Gwagwalada ní oṣù kẹrin, tí àwọn ọmọdé sì fi aṣọ di ojú, tí wọ́n ń sọ òkò sí i. Bí a bá ka iye òkò tí wọ́n sọ, tí a sì ka iye tí ó ba máńgòrò, a lè ṣírò bí gbogbo èso orí igi náà ṣe fẹ̀ tó láìjẹ́ pé a gun igi. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á rán ẹ̀lẹ́kítírọ́nù gba inú gáàsì kọjá, wọ́n á ka iye tí ó jáde tààrà àti iye tí ó yà, wọ́n á sì ti ara rẹ̀ ṣírò bí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó lójú ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Ẹ jẹ́ kí á pe fífẹ̀ yìí ní ojú-ìkọlù. Ohun tí ó yàtọ̀ sí ti máńgòrò ni pé ojú-ìkọlù átọ̀mù kan náà ń fẹ̀, ó sì ń sún kì, bí eré ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá ṣe rí, àfi bí ẹni pé máńgòrò tóbi bí àgbọn fún ọmọ tí ó rọra sọ òkò, tí ó sì wá kéré bí àgbálùmọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ipá.

Ìkọlù tí ó wọ́pọ̀ jù kò ná ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ní ohunkóhun tí ó tó nǹkan. Átọ̀mù argon kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn gáàsì inú afẹ́fẹ́, wúwo ju ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lọ ní ìlọ́po nǹkan bí 73,000, nítorí náà bí àwọn méjèèjì bá kọlura, ó dà bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù ọmọdé bá ba tírélà tí ó dúró sí Zuba: bọ́ọ̀lù á ta padà sí ibòmíràn, tírélà kò sì ní mira. Ní ìpíndọ́gba, bí ìdá kan nínú 36,000 agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ni ó ń bá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó yí padà. Àpò rẹ̀ kò dín.

Irú kejì ni èyí tí ó ń náni lówó. Átọ̀mù dà bí oníṣòwò tí ó ti lẹ iye ọjà rẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí kì í sì í gba ìdúnàádúrà. Mẹ́kúrì, irin olómi nì, sọ pé 4.9 eV ni òun ń ta ọjà òun àkọ́kọ́ tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa yìí. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá mú 4 wá, mẹ́kúrì kò ní bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ìyókù kún un lọ́la. Àlejò á kàn ta padà pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá mú 6 wá, mẹ́kúrì á gba 4.9, á sì fún un ní ṣéńjì 1.1. Ní ìlú Berlin ní ọdún 1914, James Franck àti Gustav Hertz fi èyí hàn gbangba. Wọ́n ti ẹ̀lẹ́kítírọ́nù gba inú mẹ́kúrì tí ó ti di gáàsì kọjá, wọ́n ń fi fóòtì kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo iye iná tí ó ń dé òdì kejì. Iná náà ń gòkè títí, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá ti fi 4.9 fóòtì mìíràn kún un, á já wálẹ̀ lójijì, nítorí pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti san gbogbo ohun tí wọ́n ní fún mẹ́kúrì lójú ọ̀nà. Wọ́n tún rí i pé mẹ́kúrì tí ó gba owó náà ń dá a padà bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 254 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà). Àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ rò pé 4.9 ni iye tí ó ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù onílé kúrò lára mẹ́kúrì pátápátá, ṣùgbọ́n ìyẹn ju 10 eV lọ. Niels Bohr ni ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí ní ti gidi. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1925 fún iṣẹ́ náà.

Nísinsìnyí a lè dá oníṣẹ́ iná wa lóhùn. Inú gílóòbù oníwáyà, ooru ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀, ooru sì ṣeé dín kù díẹ̀díẹ̀; bí iná bá kéré, wáyà á gbóná níwọ̀nba, á sì pọ́n níwọ̀nba. Inú fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì, gáàsì argon ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú mẹ́kúrì kín-ún. Kí ó tó lè tàn, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kó agbára jọ láàrin ìkọlù kan sí èkejì, títí tí yóò fi tó láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mìíràn kúrò lára átọ̀mù, kí ọ̀kan di méjì, kí méjì di mẹ́rin. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì kò lè tì wọ́n dé iye yẹn. Wọ́n ń kọlu argon lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tó ra ohunkóhun, ìdajì iye ọjà kò sì ra ìdajì ọjà. Ìdí nìyí tí gílóòbù fi lè tàn ní ìdajì, tí fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí iná bá wá pé tán, ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú àdàlù gáàsì yẹn. Iye ọjà àkọ́kọ́ ti argon ju 11 eV lọ, nítorí náà àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú túùbù kì í sábà lówó tó láti rà á. Wọ́n kàn ń ta lára rẹ̀ kiri ni, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dé ara gíláàsì. Mẹ́kúrì tí ó kéré níye ni ó ń gba owó ọwọ́ wọn, tí ó sì ń tú u jáde bí ìmọ́lẹ̀ 254 nánómítà, ẹfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì á sì sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ funfun tí à ń rí. Bí a bá fi ìwọ̀n ooru sọ agbára àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù náà, ó tó nǹkan bí 11,000 ní orí òṣùwọ̀n Celsius, síbẹ̀ ènìyàn lè fi ọwọ́ lásán di túùbù náà mú, nítorí pé ìkọlù wọn pẹ̀lú argon kì í gbé ooru kalẹ̀. Oníṣẹ́ iná wa fi ọ̀kan kún un fúnra rẹ̀: ó ní nígbà tí òun wà ní Jos, fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì máa ń ràn báíbáí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ títí tí yóò fi pẹ́ díẹ̀. Òótọ́ ni. Òtútù ń mú kí mẹ́kúrì pọ̀ sójú kan lára gíláàsì, oníṣòwò tí ó yẹ kí ó wà lójú ọjà á wá dín kù títí tí túùbù yóò fi móoru.

Títí dé ibí yìí, a ṣì lè máa ro ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bí òkò. Ohun tí Carl Ramsauer rí ní Jámánì ní ọdún 1921 ni ó ba ìrònú yẹn jẹ́, John Townsend àti V. A. Bailey sì rí irú rẹ̀ ní Oxford ní nǹkan bí àkókò kan náà láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Gbogbo ènìyàn retí pé bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá ṣe ń rọra rìn tó ni átọ̀mù yóò ṣe rí i yà tó, nítorí pé yóò pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú argon, òdìkejì ni wọ́n bá. Ojú-ìkọlù tí ó fẹ̀ jù ní nǹkan bí 13 eV bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì bí wọ́n ṣe ń dín eré kù, nígbà tí ó sì fi máa dé nǹkan bí 0.3 eV, kò tó ìdá kan nínú 50 ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń gba àárín gáàsì kọjá bí ẹni pé kò sí gáàsì níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún dín eré kù sí i, átọ̀mù á tún fẹ̀ padà.

Kò sí òkò tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1924, ni Louis de Broglie wí pé ìgbì ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù pẹ̀lú, àti pé bí ó bá ṣe ń rọra rìn tó ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Ní 1 eV, ìgbì náà gùn tó 1.23 nánómítà, nígbà tí átọ̀mù argon kò fẹ̀ ju nǹkan bí 0.38 lọ. Ìgbì ni ó tóbi, átọ̀mù ni ó kéré. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ́de ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, ṣe àpèjúwe. Ìlà ọmọ ilé-ìwé méjì ń yan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ wọn sì dọ́gba. Ìlà kan gba abẹ́ àgọ́ kan kọjá níbi tí ìlù ti yára jù, nítorí náà ìgbésẹ̀ wọn di kúkúrú, ó sì pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá jáde, tí wọ́n sì ti fi ìgbésẹ̀ kan àti ààbọ̀ ju ìlà kejì lọ (kí á ka òsì àti ọ̀tún pọ̀ sí ìgbésẹ̀ kan), ẹsẹ̀ òsì wọn á bọ́ sí ibi ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn yòókù, gbogbo ènìyàn á sì rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àgọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n fi lé bá jẹ́ odidi géérégé, òsì á bá òsì, ọ̀tún á bá ọ̀tún, ẹni tí ó dúró sí iwájú kò sì ní mọ̀ pé ìlà kan gba abẹ́ àgọ́ kankan kọjá.

Bí ó ṣe rí nínú argon nìyẹn. Fífà tí átọ̀mù ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń mú kí eré rẹ̀ pọ̀ sí i nínú átọ̀mù, ìgbì rẹ̀ á sún kì níbẹ̀, ní nǹkan bí 0.3 eV sì ni iye ìgbì tí ó fi lé di odidi mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ìgbì tí ó jáde bá èyí tí kò kan átọ̀mù rárá dọ́gba, kò sì sí ipa ìkọlù kankan. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ní eré kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka ìgbì tí ó kọjú sí átọ̀mù tààrà nìkan ni ó lè súnmọ́ ọn tó láti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí eré bá pọ̀, àwọn ẹ̀ka tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá náà á dá sí ọ̀rọ̀, gbogbo wọn kò sì lè bọ́ sí odidi lẹ́ẹ̀kan náà. Gáàsì krypton àti xenon ń ṣe bíi ti argon, kódà mólékù methane ń ṣe é. Helium àti neon kì í ṣe é ní tiwọn, nítorí pé fífà tí wọ́n ń fa àlejò kò lágbára tó láti mú ìgbésẹ̀ rẹ̀ pọ̀ dé odidi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní físíìsì, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó ń mú orí mi wú tó èyí: àwọn ènìyàn wọ̀nyí rí ìgbì nínú túùbù gáàsì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìgbì ni wọ́n ń wò.

Mólékù ní ohun tí átọ̀mù kan ṣoṣo kò ní: ó lè gbọ̀n, ó lè yí, ó sì lè já. Nàìtírójìn, tí ó jẹ́ nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ní átọ̀mù méjì tí wọ́n so mọ́ra bí ẹni pé sípíríìn wà láàrin wọn. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 2.3 eV, ìgbì rẹ̀ wọ inú mólékù náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà, á sì jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà kò ju bí ìdá kan nínú 100,000,000,000,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n ó tó fún àwọn átọ̀mù méjèèjì láti bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra tàbí kí wọ́n jìnnà síra. Nígbà tí àlejò bá wá dìde lọ, sípíríìn á ṣẹ́ kù tí yóò máa gbọ̀n, owó tí ó fi gbọ̀n sì ti kúrò ní àpò àlejò. Iṣẹ́ tí George Schulz ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960 ni ó jẹ́ kí á mọ èyí dáadáa. Lésà tí C. Kumar N. Patel ṣe ní ọdún 1964 pẹ̀lú gáàsì carbon dioxide ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á mú kí nàìtírójìn máa gbọ̀n, nàìtírójìn á gbé gbígbọ̀n náà fún carbon dioxide, ìmọ́lẹ̀ lésà á sì jáde. Irú lésà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe pátákó orúkọ fi ń gé pákó àti àkírílíìkì.

Nígbà mìíràn àlejò kì í dìde mọ́. Gáàsì sulphur hexafluoride, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ súwíìṣì iná gíga ní ayé òde òní, ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mì bí agbára rẹ̀ bá súnmọ́ òdo. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ó ti lẹ̀ mọ́ mólékù wíwúwo bẹ́ẹ̀ kò lè sáré mọ́, kò sì lè já òmíràn, ni iná kò fi ní fò láti ẹnu súwíìṣì kan sí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ara wa gan-an ni èyí. Bí ènìyàn bá ń ti Gwagwalada lọ sí Kwali, yóò gba Sheda kọjá, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìtànṣán gamma wà, tí wọ́n ń lo cobalt-60, irin kan tí ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan láti ara cobalt-60 ní ju mílíọ̀nù kan eV lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé agbára ńlá yẹn fúnra rẹ̀ ni ó ń kọlu ẹ̀mí inú kòkòrò àti kòkòrò àrùn tààrà. Agbára ńlá náà máa ń kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Ìtànṣán á já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan, ìyẹn á já òmíràn, títí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tó 30 eV yóò fi kún inú sẹ́ẹ̀lì. Fún ìgbà pípẹ́, a kò ka àwọn kéékèèké wọ̀nyí sí. Ní ọdún 2000, Léon Sanche àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sherbrooke ní Kánádà fi hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ó wà láàrin 3 sí 20 eV lè já okùn DNA (ohun ìrandíran inú sẹ́ẹ̀lì, tí ó jẹ́ okùn méjì), ẹyọ kan tàbí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí agbára rẹ̀ kò bá tó láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kankan kúrò lára DNA náà. Ní 2004 wọ́n tún rí i pé èyí tí kò tó 4 eV pàápàá ń já ẹyọ okùn kan. Bí ó ṣe jókòó sínú nàìtírójìn ni ó ṣe ń jókòó sínú DNA, ibi tí ó bá sì jókòó sí ni ìso ti ń tú. Ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán ń gba apá kan ìtọ́jú náà láti ọwọ́ àwọn kéékèèké wọ̀nyí.

Mo fi ti rédíò sí ìkẹyìn nítorí pé òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀, láìmọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Kaduna ni a gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ní rédíò alábátìrì kan tí kì í bá ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Yorùbá kankan sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, àfi híhó ṣáá. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, tí wọ́n sì ti kírun mọ̀ngíríbì, bàbá mi á gbé rédíò náà sórí àga ní ìta, á rọra yí bọ́tìnnì mídíọ̀mù wéèfù, ohùn àwọn ará ilé á sì mọ́ gaara láti ọ̀nà tí ó ju 400 kìlómítà lọ.

Lókè wa, ní nǹkan bí 60 sí 90 kìlómítà, ìtànṣán oòrùn ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kúrò lára afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán. Agbára wọn kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún eV kan lọ. Ìgbì rédíò tí ó bá dé ibẹ̀ ń mì wọ́n síwá sẹ́yìn, ti mídíọ̀mù wéèfù sì ń mì wọ́n ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá lè mì tán láìkọlu nǹkan kan, wọ́n á dá agbára náà padà fún ìgbì. Ṣùgbọ́n ní ibi gíga yẹn, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kọ̀ọ̀kan ń kọlu mólékù afẹ́fẹ́ ní ohun tí ó tó mílíọ̀nù kan ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà tí iye ìkọlù bá sì bá iye mímì dọ́gba gan-an ni agbára ìgbì máa ń sọnù jù. Orin àti ìròyìn tí bàbá mi ń retí lọ́sàn-án ti di ooru díẹ̀ lára nàìtírójìn. Bí oòrùn bá wọ̀, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ìsàlẹ̀ yìí á padà sára mólékù, ìgbì á gòkè kọjá 100 kìlómítà níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí ìkọlù sì ti ṣọ̀wọ́n, á yí padà wá sílẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní ọdún 1933, ní ilẹ̀ Netherlands, ẹnì kan tí ń gbọ́ rédíò Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ètò rédíò Luxembourg lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà lórí rédíò jìnnà síra. Ìgbì Luxembourg tí ó lágbára púpọ̀ ń mú kí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù òkè gbóná sí i, iye ìkọlù wọn sì ń yí padà bí ohùn olùkéde ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ìgbì Switzerland tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá á sì gbé àmì ohùn náà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n ṣàlàyé èyí ní 1934 ni V. A. Bailey, ẹni tí ó ti bá Townsend ka ẹ̀lẹ́kítírọ́nù nínú gáàsì ní Oxford.